Oògùn tó ń dènà HIV wà, ṣùgbọ́n ta ni ọkùnrin tó ń lò ó lè sọ fún?

Ike oògùn kan ṣoṣo lè da ilé rú. Ẹ gbà pé ọ̀dọ́kùnrin kan ń bá ẹnìkan pín yàrá nítòsí Yunifásítì Bamidele Olumilua n'Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ẹnìkejì rẹ̀ ń wá ṣájà fóònù nínú báàgì rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ba ike oògùn funfun kan. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára: tenofovir àti lamivudine. Ó tẹ orúkọ náà sórí fóònù rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ jáde ni pé oògùn HIV ni. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ti dé yàrá kejì. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ni oògùn náà kò ní HIV lára rárá. Torí kó má baà kó o ló ṣe ń lo oògùn ọ̀hún.

Oògùn yìí ni wọ́n ń pè ní PrEP. Ó ti wà nínú ìlànà ìtọ́jú tí ìjọba àpapọ̀ ń lò láti ọdún 2016, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òfin kankan tó ní kí ẹnikẹ́ni má lò ó. Ṣùgbọ́n fún àwọn ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn lòpọ̀, àti àwọn tó ń bá takọtabo lòpọ̀, rírí oògùn gbà nìkan kọ́ ni ìṣòro. Ta ni wọ́n fẹ́ sọ fún pé àwọn ń lò ó? Bí wọn ò bá sì sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣé wọ́n á lè máa lò ó bó ṣe yẹ? Ìbéèrè méjì yìí ló ń pinnu bóyá oògùn tí gbogbo ayé ń yìn yóò ṣiṣẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Emùré àti gbogbo gúúsù Ìpínlẹ̀ Èkìtì.

BÍ OÒGÙN NÁÀ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Lára àwọn oògùn tí dókítà ń fún ẹni tó ti ní kòkòrò HIV, kí kòkòrò náà má baà pọ̀ sí i nínú ara rẹ̀, ni wọ́n ti mú oríṣi méjì, tí wọ́n wá ń fún ẹni tí kò ní in. Bí oògùn náà bá ti wà nínú ara tó bó ṣe yẹ, tí kòkòrò náà bá wọlé, kò ní ráyè bí sí i, yóò sì kú dànù.

Ọdún 2010 ni àbájáde ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní iPrEx jáde. Èèyàn 2,499 ló kópa nínú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, South Africa sì wà lára wọn. Àwọn ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lòpọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Oògùn náà dín iye àwọn tó kó HIV kù ní ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tó kó àrùn náà kò lo oògùn tí wọ́n kó fún wọn. Àwọn tí oògùn hàn nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ní ààbò tó ga ju ìdá 44 yẹn lọ fíìfíì. Ní oṣù Keje ọdún 2012, orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Àjọ elétò ìlera lágbàáyé, WHO, sọ ní ọdún 2014 pé kí wọ́n máa fún àwọn ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lòpọ̀, nígbà tó sì di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, ó ní kí wọ́n fún gbogbo ẹni tí ewu HIV bá súnmọ́ dáadáa, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin.

Èèyàn kì í ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí ó dájú pé onítọ̀hún kò ní HIV. Lẹ́yìn náà ni yóò máa lo hóró kan lójúmọ́, tí yóò sì máa padà lọ ṣàyẹ̀wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Àwọn dókítà tún máa ń yẹ kíndìnrín wò. Láti ọdún 2019 ni àjọ WHO tún ti fọwọ́ sí ọ̀nà mìíràn fún àwọn ọkùnrin tí kì í ní ìbálòpọ̀ lemọ́lemọ́: hóró méjì ní nǹkan bíi wákàtí méjì sí 24 ṣáájú, hóró kan lẹ́yìn wákàtí 24, àti òmíràn lẹ́yìn wákàtí 24 mìíràn. Ohun tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé oògùn yìí kì í dènà àtọ̀sí tàbí rẹ́kórẹ́kó. Rọ́bà ìdáàbòbò ṣì wúlò.

ÀWỌN TÓ NÍLÒ RẸ̀ JÙ

Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè yìí ní ọdún 2018, tí wọ́n kéde àbájáde rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2019, fi hàn pé ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 49 ló ní HIV. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìdá 1.1 ni. Ẹni tó bá wo iye yìí nìkan lè rò pé ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ parí.

Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lòpọ̀, ọ̀tọ̀ ni ohun tí àwọn ìwádìí ìjọba sọ. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ṣe é, ìdá 13.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n rí ní ọdún 2007. Ó di 17.2 ní ọdún 2010, ó di 22.9 ní ọdún 2014. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe ti ọdún 2020, ó ti tó ìdá 25, èyí ni pé nínú ọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n yẹ̀ wò, ọ̀kan ní in. Nígbà tí àrùn náà ń rọlẹ̀ láàárín ìlú, ńṣe ló ń gòkè láàárín àwọn wọ̀nyí. Oògùn tó lè dá a dúró wà, àmọ́ àwọn tó nílò rẹ̀ jù náà ni wọ́n ń bẹ̀rù jù láti jẹ́ kí èèyàn rí i lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀RÙ MÉJÌ NÍNÚ IKE KAN

Ẹ̀rù àkọ́kọ́ ni pé bí wọ́n bá rí oògùn náà, wọ́n á ní HIV ló ń ṣe ẹni tó ni ín. Kò sí bí ẹni tí kì í ṣe oníṣègùn ṣe lè dá ike méjèèjì mọ̀. Orúkọ tó wà lára oògùn ìdènà wà lára oògùn ìtọ́jú náà. Ibi tí wọ́n ti ń gba ọ̀kan, ibẹ̀ náà ni wọ́n sábà máa ń gba èkejì, èyí tó túmọ̀ sí pé bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n ń jókòó lé dúró de nọ́ọ̀sì. Àlàyé wo ni ẹni tí wọ́n bá bá níbẹ̀ yóò ṣe tí yóò tẹ́ aráyé lọ́rùn?

Ẹ̀rù kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ó bá ráyè ṣàlàyé pé òun kò ní HIV, pé òun ń dènà rẹ̀ ni, ìbéèrè tó kàn ni: kí ló ń ṣe tó fi nílò irú oògùn bẹ́ẹ̀? Bó ṣe ń sá fún ọ̀bẹ, bẹ́ẹ̀ ló ń bọ́ sẹ́nu àdá. Ní ilé tí ìyá ti ń bèèrè lójoojúmọ́ pé ìgbà wo ni òun yóò rí ìyàwó ọmọ òun, tí pásítọ̀ sì ń kéde ìṣọ́ òru ìdáǹdè, ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn lè sọ ọmọ di ẹni tí wọ́n lé jáde.

Èyí ló fà á tí àwọn kan fi máa ń da oògùn náà sínú ike fítámì sí, tí àwọn mìíràn ń họ ìwé ara ike náà dànù. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní rí ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́ mọ́, nǹkan tó ń fa omi nínú ike kò sì sí mọ́. Ó tún léwu pé ẹlòmíràn nínú ilé lè lo oògùn tí kò mọ̀. Bí àlejò bá sì dé sùn sí yàrá fún ọjọ́ mẹ́ta, oògùn á wà nínú báàgì títí tí àlejò fi máa lọ. Bí hóró kan ṣe ń fo òmíràn nìyẹn, títí tí ààbò yóò fi tán lára.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ọdún 2014 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tó ka ìgbéyàwó láàárín ọkùnrin àti ọkùnrin, tàbí obìnrin àti obìnrin, léèwọ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni ti ìgbéyàwó. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ni fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ irú wọn sílẹ̀ tàbí tó kópa nínú rẹ̀, àti fún ẹni tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ṣáájú ìgbà náà, òfin ìwà ọ̀daràn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ ní gúúsù Nàìjíríà ti ní ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ìbálòpọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin.

Kò sí ibi kankan nínú òfin ọdún 2014 náà tí wọ́n ti dárúkọ oògùn HIV tàbí ilé ìwòsàn. Síbẹ̀, ẹ̀rù kì í dúró ka òfin tán kó tó sá. Àwọn oníwàádìí kan ti ń tẹ̀lé àwọn ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lòpọ̀ ní Àbújá láti oṣù Kẹta ọdún 2013, kí òfin náà tó jáde. Èèyàn 707 ló wà nínú ìwádìí náà, tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet HIV gbé jáde ní ọdún 2015. Ṣáájú òfin, nínú àbẹ̀wò 100 tí wọ́n bá ṣe, ẹ̀rù lílọ sí ilé ìwòsàn ń jáde nínú 25. Lẹ́yìn tí òfin jáde, ó di 38. Àwọn kan sì sọ pé àwọn kò tiẹ̀ lọ mọ́.

Ní ìdà kejì, òfin wà tó dáàbò bo àṣírí aláìsàn. Òfin ètò ìlera orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 2014 sọ pé ohunkóhun tí ilé ìwòsàn bá mọ̀ nípa ẹni tó wá gba ìtọ́jú, àṣírí ni. Ọdún yẹn kan náà ni òfin mìíràn jáde tó ní kí ẹnikẹ́ni má fi ìyà jẹ ẹni tó ní HIV, ì báà jẹ́ níbi iṣẹ́, ilé ìwé tàbí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó bá lọ sọ nínú ọjà ohun tó rí nínú fáìlì, òfin ló rú. Àwọn tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ló kéré.

Ẹ̀KỌ́ LÁTI ÌLÀ OÒRÙN ÀTI GÚÚSÙ ÁFÍRÍKÀ

Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé ọ̀rọ̀ sísọ àti àìsọ kò kan iṣẹ́ oògùn, kó wo ìwádìí méjì tí wọ́n ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ lásìkò kan náà ní ilẹ̀ Áfíríkà. Kì í ṣe ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lòpọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kàn wọ́n gbọ̀ngbọ̀n.

Wọ́n pe àkọ́kọ́ ní VOICE. Láàárín ọdún 2009 sí 2012, obìnrin 5,029 ló kópa nínú rẹ̀ ní South Africa, Uganda àti Zimbabwe. Oògùn náà kò dáàbò bo wọn. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè, ọ̀pọ̀ jùlọ ní àwọn ń lò ó. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀jẹ̀ náà tí wọ́n bá oògùn nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin náà wá sọ lẹ́yìn náà pé àwọn ń bẹ̀rù kí ọkọ tàbí aládùúgbò má rí oògùn náà kí wọ́n má ní àwọn ti ní HIV.

Èkejì ni Partners PrEP, tí wọ́n ṣe ní Kenya àti Uganda láàárín ọdún 2008 sí 2011. Tọkọtaya bíi 4,700 ni, tí ọ̀kan nínú wọn ní HIV tí èkejì kò ní. Níhìn-ín, ọkọ mọ̀, ìyàwó mọ̀. Kò sí ohun tí wọ́n ń fi pa mọ́ fún ara wọn. Irú oògùn kan náà dín kíkó àrùn náà kù ní ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì bá oògùn nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò.

Àwọn ìyàtọ̀ mìíràn wà láàárín ìwádìí méjèèjì. Àwọn tí wọ́n ṣe èkejì dàgbà jù, wọ́n sì mọ ẹni tí ewu ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó hàn jùlọ ni pé ẹni tí ẹnìkan nínú ilé ń rán létí pé, "Ṣé o ti lo oògùn rẹ?" yàtọ̀ sí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ kó tó gbé hóró kan mì.

TA NI WỌ́N WÁ LÈ SỌ FÚN?

Ẹni àkọ́kọ́ ni òṣìṣẹ́ ìlera. Tenofovir tó wà nínú oògùn náà lè dá kíndìnrín láàmú lára àwọn kan. Bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ẹ̀yìn bá ń dùn kì í lọ sí ilé ìwòsàn, kẹ́míìsì ló ń lọ, wọ́n á sì di diclofenac mọ́ àwọn oògùn mìíràn fún un. Oògùn ìrora irú èyí, bó bá pọ̀, pẹ̀lú tenofovir lè ṣe kíndìnrín níṣẹ́. Ẹni tó bá sì ní àrùn ẹ̀dọ̀ onípele B kò gbọ́dọ̀ ṣàdédé dá oògùn náà dúró láìsọ fún dókítà, torí àrùn ẹ̀dọ̀ náà lè ru padà. Dókítà tí kò mọ ohun tí èèyàn ń lò kò lè mọ èyí tí kò yẹ kó fún un.

Ẹnìkejì ni olólùfẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Ẹni tó bá sọ pé òun ń lo PrEP, olólùfẹ́ rẹ̀ lè ní kò fọkàn tán òun, tàbí kó pè é ní oníṣekúṣe, tàbí kó ní irọ́ ló ń pa, HIV ló ń ṣe é. Láàárín àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé, ewu tó tún burú jùyẹn lọ wà. Àwọn ọ̀daràn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n ṣe bí ẹni tó ń wá ọ̀rẹ́ ọkùnrin, kí wọ́n tan onítọ̀hún wá sínú ilé, kí wọ́n lù ú, kí wọ́n gba owó àti fóònù rẹ̀, kí wọ́n sì máa fi àṣírí rẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọn. "Kito" ni wọ́n ń pe irú jìbìtì yìí. Ike oògùn tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ tó sọ̀rọ̀ oògùn náà lè di ẹ̀rí lọ́wọ́ irú èèyàn bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkẹta ni ọ̀rẹ́ kan tó ṣeé fọkàn tán. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ọ̀rẹ́ tó ń lo oògùn náà ló kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ó wà. Bí ọ̀rọ̀ bá kúrò lẹ́nu ọ̀rẹ́, ibòmíràn kò sí tí wọ́n ti lè gbọ́ ọ, torí kò sí ẹni tí yóò kéde rẹ̀ lórí rédíò fún wọn.

Ẹbí ńkọ́? Kò sí òfin, kò sì sí ìlànà ìṣègùn tó ní dandan ni kí ẹni tó ń lo oògùn ìdènà sọ fún bàbá tàbí ìyá rẹ̀. Ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ òbí, tó ń sùn lábẹ́ òrùlé wọn, yóò ro ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó la ẹnu. Àwọn tó ń gba irú wọn nímọ̀ràn kì í fi dandan lé e. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí onítọ̀hún kọ́kọ́ mọ ibi tí yóò sùn bí wọ́n bá lé e jáde.

ÌYÀWÓ ILÉ ŃKỌ́?

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ló ní ìyàwó nílé, tàbí tí wọ́n ń fẹ́ obìnrin sọ́nà. Àwọn kan fẹ́ràn takọtabo. Àwọn mìíràn gbéyàwó nítorí ẹbí. Bó ti wù kó jẹ́, bí ọkọ bá kó HIV níta, inú ilé ló ń gbé e bọ̀.

Ẹni tó bá ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin yìí kò kan òun yẹ kó ro èyí dáadáa. Ọkọ tó ń lo oògùn náà bó ṣe yẹ ń dáàbò bo ìyàwó rẹ̀ bí ìyàwó náà kò tilẹ̀ mọ̀. Ọkọ tó jù ú nù nítorí pé ìyàwó fẹ́ rí i lábẹ́ àpótí aṣọ ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì, àti fún ọmọ tó wà nínú oyún. Síbẹ̀, ìyàwó ní ẹ̀tọ́ láti mọ ewu tó wà nínú ilé rẹ̀ kó lè ṣe ìpinnu tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò rọrùn, kò sì sí ẹni tó lè fi gbólóhùn kan parí rẹ̀. Èyí tó dájú ni pé ìlú tó bá mú kí ọkùnrin máa bẹ̀rù ẹ̀wọ̀n àti ìyà, kò lè retí pé kó sọ òótọ́ fún ìyàwó rẹ̀.

ÌKẸ́RẸ́, ÌSẸ̀ ÀTI EMÙRÉ

Ní ìlú ńlá bí Èkó, èèyàn lè lọ sí àdúgbò tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Ní Ìsẹ̀ tàbí Emùré, irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó wà nídìí káàdì lè jẹ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n. Apòògùn lè jẹ́ ọmọ ìjọ kan náà. Nọ́ọ̀sì lè jẹ́ ẹni tí òun àti ìyá aláìsàn jọ ń náwó àjọ. Ìwà rere ni ká mọ ara wa, òun ló sì ń mú kí ìlú kéékèèké gbádùn mọ́ni. Ṣùgbọ́n ògiri létí, pàápàá ní ìlú tí gbogbo ògiri rẹ̀ fara kan ara wọn.

Ojú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Adó ni Ìkẹ́rẹ́ wà. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n rí òun lè wọkọ̀ lọ sí Adó níhìn-ín tàbí Àkúrẹ́ lọ́hùn-ún. Ẹni tó wà ní Emùré tàbí Ìsẹ̀ yóò san owó ọkọ̀ jùyẹn lọ, yóò sì pa iṣẹ́ ọjọ́ kan tì. Bí owó epo bẹntiróòlù bá ti gbówó lórí, ẹni tó yẹ kó lọ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta yóò máa sún un síwájú. Owó ìpamọ́ àṣírí nìyẹn, àwọn tí kò lówó ni kò sì lè san án.

Wàhálà mìíràn tún dé lórí èyí ní ọdún 2025. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún náà, Ààrẹ Donald Trump ti Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n dá owó ìrànwọ́ sí ilẹ̀ òkèèrè dúró fún 90 ọjọ́. Owó yìí ló ń gbé ọ̀pọ̀ jùlọ ètò HIV ní Nàìjíríà ró. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn díẹ̀ fún ètò náà padà, ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kejì sọ pé aboyún àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú nìkan ni wọ́n lè fi owó náà ra PrEP fún. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí bílíọ̀nù 4.8 náírà láti fi ra oògùn fún àwọn tó ti ní HIV. Ohun tó dára ni, ṣùgbọ́n oògùn ìtọ́jú ni, kì í ṣe ti ìdènà. Àjọ UNAIDS sọ pé iye àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ PrEP lóṣooṣù ní Nàìjíríà wálẹ̀ láti bí 40,000 ní ìparí ọdún 2024 sí bí 6,000 nígbà tó fi di oṣù Kẹrin ọdún 2025.

Ìlànà náà tún dá kún ìṣòro àṣírí. Bí PrEP bá jẹ́ ti gbogbo èèyàn, awakọ̀ tó ń sáré Àkúrẹ́ sí Adó lè ní in nínú ọkọ̀ rẹ̀, tọkọtaya tí ọ̀kan ní HIV lè gbé e sórí tábìlì, kò sì sí ẹni tí yóò fi ike náà mọ irú ẹni tí èèyàn ń fẹ́. Bí ó bá di ohun tí àwọn díẹ̀ kan ń gbà ní kọ̀rọ̀, ike náà fúnra rẹ̀ á di ẹni tó ń tú àṣírí.

ÀWỌN TÓ TI SỌ RÍ

Ilẹ̀ Yorùbá ti rí ohun tí sísọ lè ṣe. Nígbà tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, ló jáde síta tó sọ fún gbogbo ayé pé àrùn Éèdì ló pa á. Ìdílé tó lórúkọ bẹ́ẹ̀ ò fi ohun tó ṣẹlẹ̀ pa mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sọ pé kò sí Éèdì gbà lọ́jọ́ náà pé ó wà.

Ilẹ̀ Yorùbá tún ti rí ohun tí sísọ lè náni. Ní ọdún 2004, Bisi Alimi, ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ ní Mushin, jókòó síwájú Funmi Iyanda lórí ètò tẹlifíṣọ̀n "New Dawn" ní NTA, ó sì sọ pé ọkùnrin ni òun ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2007, ó sá lọ sí ìlú London. Láti ibẹ̀ ló ti wá ń sọ̀rọ̀ ní gbangba pé òun náà ní HIV.

Ní ìlú tí ó sá lọ yẹn, ilé ìwòsàn ìjọba ń fún ọkùnrin tó bá nílò PrEP lọ́fẹ̀ẹ́, wọn kì í sì í sọ fún dókítà ìdílé rẹ̀ àyàfi bí òun fúnra rẹ̀ bá gbà. Òfin kò lé ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ kiri. Bí àbúrò ìyá rẹ̀ bá wá kí i láti Èkìtì, òun náà lè ki ike bọ inú dúrọ́ọ̀.

ABẸ́RẸ́ TUNTUN

Ìrètí kan ti yọ. Abẹ́rẹ́ kan wà báyìí tó ń jẹ́ lenacapavir, tí èèyàn ń gbà lẹ́ẹ̀mejì péré lọ́dún. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2024, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó kópa jẹ́ ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lòpọ̀, àwọn méjì péré ló kó HIV nínú 2,179 tó gba abẹ́rẹ́ náà. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, àjọ WHO sì fọwọ́ sí i ní oṣù Keje. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n kéde pé láti ọdún 2027, àwọn ilé iṣẹ́ oògùn ní India yóò máa ṣe é ní 40 dọ́là lọ́dún fún èèyàn kan ní orílẹ̀-èdè 120 tí kò lówó púpọ̀.

Ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ kò ní ike tó ń fi pa mọ́. Kò sí hóró tó ń fò nítorí àlejò. Èyí dára púpọ̀. Síbẹ̀, yóò ṣì dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nọ́ọ̀sì náà yóò sì bi í ní ìdí tó fi ń gbà á. Bí nọ́ọ̀sì bá rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn, tàbí tó ní kó kọ́kọ́ lọ ronú pìwà dà, ẹni náà kò ní padà wá gba èkejì.

Nítorí náà, ohun tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì àti àwọn alákòóso ilé ìwòsàn lè ṣe láìdúró de owó Amẹ́ríkà wà. Kí wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn, pé fáìlì aláìsàn kì í ṣe ìwé ìròyìn, kí ẹni tó bá sì tú àṣírí rí ìjìyà òfin. Kí wọ́n kéde PrEP fún gbogbo ẹni tó nílò rẹ̀, tọkọtaya, awakọ̀ àti ọ̀dọ́, kó má baà jẹ́ àmì ara ẹnikẹ́ni. Àwọn ìjọ àti mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú lè di ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ wọn mú láìlé ọmọ ẹlẹ́ni jáde nítorí ike oògùn.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ọkùnrin kan ń fẹ́ ni ìlú ti ń pariwo lé lórí láti ọdún 2014, àrùn tó ń gba abẹ́ ariwo náà kọjá sì ń wọlé tọ ìyàwó àti ọmọ lọ. Bí ọ̀dọ́kùnrin tó wà n'Ìkẹ́rẹ́ yẹn bá ní ẹnì kan péré tó lè sọ fún, ìbáà jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀rẹ́ tàbí ẹ̀gbọ́n, yóò lo oògùn rẹ̀ lálẹ́ òní. Bí kò bá ní, ike náà á wà nínú báàgì.